Bí A Ṣe Lè Mọ Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí A Fi Ń Sọ̀rọ̀ Nípa Gírámà àti Ìró Èdè

Ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, tó sì ń ṣe Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìfura. Olùkọ́ Yorùbá ti sọ fún un pé ìró /b/ jẹ́ kọ́ńsónáǹtì asénupè, afèjì-ètè-pè, akùnyùn, ó sì ti há a sórí. Nígbà tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá wá kọ “voiced bilabial plosive” sójú pátákó, àyà ọmọ náà á já, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún fi orúkọ mìíràn pè. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí irú èyí, nítorí pé iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ṣe láti wá orúkọ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí péye tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ àkàbà tí ọmọ wa yóò gùn dé orí ti Gẹ̀ẹ́sì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti òbí tó ń kọ́ ọ nílé, àti àgbàlagbà tó fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì òun já gaara.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì pín ojú ewé rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà kìíní, orúkọ tí ìwé Yorùbá fún un sí ìkejì, ohun tí ẹnu ń ṣe tàbí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nínú gbólóhùn sí ìkẹta, àti àpẹẹrẹ tí ẹ fúnra yín gbọ́ lẹ́nu ènìyàn sí ìkẹrin. Ọ̀nà kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó kàn há ìtumọ̀ sórí yóò gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀ láti mọ ohun tí “voiced” jẹ́ kò tún ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ ni lẹ́tà àti ìró, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “letter” àti “sound”. Lẹ́tà ni ojú ń rí, ìró ni etí ń gbọ́. Ọmọ Yorùbá kì í sábà ronú sí ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé àkọtọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìró mu délẹ̀délẹ̀: bí ẹ bá ti rí “ṣ”, ẹ ti mọ bí ẹ ó ṣe pè é. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà 26 ni ó ní, ṣùgbọ́n ìró tó wà nínú irú Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa ń tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n ń pè ní “Received Pronunciation”, jẹ́ 44: kọ́ńsónáǹtì 24 àti fáwẹ́lì 20. Lẹ́tà “ch” ní ìró ọ̀tọ̀ nínú “church”, ọ̀tọ̀ nínú “chemist”, ọ̀tọ̀ nínú “machine”; “o” inú “women” sì ń dún bí “i”. Lẹ́tà méjì tó dúró fún ìró kan, bí “sh” tàbí “th”, ni “digraph”, àwa náà sì ní irú rẹ̀ nínú “gb”. Lẹ́tà tí a kọ tí a kò pè, bí “b” inú “debt” tàbí “p” inú “receipt”, ni “silent letter”.

Nítorí pé a kò lè gbára lé àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó nílò àwọn àmì tí International Phonetic Association ń lò, ìyẹn ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1886. Àwọn àmì wọ̀nyí ni ẹ ń rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè, bí /ʃɪp/ tàbí /tʃɜːtʃ/, kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní “transcription”. Kò pọn dandan kí ẹ há gbogbo wọn sórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kàn fi í ṣe àṣà pé, bí ẹ bá ti wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó wo àmì ìró rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ìwé atúmọ̀ èdè Cambridge tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń pe ọ̀rọ̀ sí ènìyàn létí bí àwọn ará Bìrìtéènì ṣe ń pè é àti bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń pè é, kì í sì í gba owó.

Orúkọ kọ́ńsónáǹtì Gẹ̀ẹ́sì ní apá mẹ́ta, apá kọ̀ọ̀kan sì ń dáhùn ìbéèrè kan. Ṣé tán-án-ná, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú gògóńgò, ń gbọ̀n? Ibo ni a ti dí èémí lọ́nà? Báwo ni a ṣe dí i? Bí tán-án-ná bá ń gbọ̀n, “voiced” ni, tí ìwé Yorùbá ń pè ní akùnyùn. Bí kò bá gbọ̀n, “voiceless” ni, àìkùnyùn. Ní ti ibi tí a ti pè é, “bilabial” ni afèjì-ètè-pè, “labio-dental” ni afeyín-fètè-pè, “alveolar” ni afèrìgì-pè, “palato-alveolar” ni afàjà-fèrìgì-pè, “velar” ni afàfàsé-pè (àfàsé ni ibi rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu), “glottal” sì ni afitán-án-ná-pè. Ní ti bí a ṣe pè é, “plosive” ni asénupè, “fricative” ni àfúnnupè, “affricate” ni asésí, “nasal” ni àránmúpè, “lateral” ni afẹ̀gbẹ́-ẹnu-pè, “approximant” sì ni aséèsétán. Ìró /s/ tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “voiceless alveolar fricative” kò ju àìkùnyùn, afèrìgì-pè, àfúnnupè lọ. Bí ẹ bá ti mọ ìbéèrè mẹ́ta náà, ẹ lè sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ìró èyíkéyìí láìwo ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè kìíní, nítorí òun ni ilẹ̀kùn sí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń da ọmọ Yorùbá láàmú. Ẹ fi ìka méjì lé gògóńgò yín. Ẹ pe “f” kí ẹ sì fà á gùn, láìfi fáwẹ́lì kankan tì í lẹ́yìn. Ìka yín kò ní mọ nǹkan kan lára, atẹ́gùn lásán ni yóò máa jáde láàárín eyín òkè àti ètè ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ètè yín kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá máa kùn bí ẹni tó ń kọrin sínú. Gògóńgò yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ìka yín, ìró tí ẹ ó sì gbọ́ ni /v/, tí Yorùbá kò ní. Bí ẹ ṣe yọ /v/ lára /f/ ni ẹ ó ṣe yọ /z/ lára /s/, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó ṣe yọ ìró tó wà láàárín “measure” lára “ṣ”. Ẹ yí i padà fún “ch”: ẹ mú “j” inú “jẹun”, kí ẹ yọ kíkùn náà kúrò lára rẹ̀. Ní ti “th”, ẹ ki ṣóńṣó ahọ́n sí àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn jáde. Bí kò bá sí kíkùn, ẹ ti pe ti “thin”, bí kíkùn bá sì wà, ti “this” ni. “Dental” ni wọ́n ń pè é, a kò sì ní irú rẹ̀ nínú Yorùbá.

Kọ́ńsónáǹtì Yorùbá jẹ́ 18. Bí ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 24 ti Gẹ̀ẹ́sì, 16 ni ó sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ní dí yín lọ́wọ́. Méjì jẹ́ tiwa nìkan, ìyẹn “gb” àti “p” wa. Mẹ́jọ ni ó kù láti kọ́, mẹ́fà nínú wọn sì ni èyí tí mo sọ lókè yìí. Ìkeje ni “p” ti Gẹ̀ẹ́sì. Ètè àti àfàsé ni a jọ ń sé nígbà tí a bá ń pe “p” inú “pẹpẹ”, ṣùgbọ́n ètè nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ń sé. Ẹ gbé abala bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan síwájú ẹnu, kí ẹ pe “pẹpẹ”, lẹ́yìn náà kí ẹ pe “pen” bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe pè é: bébà náà gbọ́dọ̀ fì ní ìgbà kejì. Ìkẹjọ ni ìró tó parí “sing”. Ó ti wà lẹ́nu yín tẹ́lẹ̀, òun ni “ń” tí ẹ ń pè nínú “ó ń kọrin”, kí ahọ́n tó kúrò lára àfàsé láti tú “k” sílẹ̀. Bí ẹ bá dúró síbẹ̀ láìtú “k” tàbí “g” kankan sílẹ̀, ẹ ti pe “sing” bó ṣe yẹ.

A lè rí ohun tí etí Yorùbá ti ń fi rọ́pò àwọn ìró wọ̀nyí nínú àwọn ọ̀rọ̀ àyálò wa: “video” di fídíò, “church” di ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí àbùkù kankan nínú ìyẹn bí a bá ń sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, “fan” àti “van” jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni “sip” àti “zip”, “tin” àti “thin”, “day” àti “they”. Ọ̀rọ̀ méjì tí ìró kan ṣoṣo mú yàtọ̀ báyìí ni “minimal pair”. Èyí tí ìró wọn dọ́gba tí àkọtọ́ àti ìtumọ̀ wọn yàtọ̀, bí “son” àti “sun”, ni “homophones”.

Ibí yìí ni ìró ti wọ inú gírámà, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ìwé ti ń fi àkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láìdé ibi tó ń lọ. Nǹkan tí a fi kún ọ̀rọ̀ láti yí i padà ni “affix”, tí a ń pè ní àfòmọ́; ti iwájú ni “prefix”, ti ẹ̀yìn ni “suffix”. Yorùbá ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, bí “ò” inú “òṣìṣẹ́”, ó ní ti àárín, bí “kí” inú “ilékílé”, ṣùgbọ́n kò ní ti ìparí. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kó púpọ̀ nínú gírámà rẹ̀ sí ìparí ọ̀rọ̀: “-s” fún “plural”, ìyẹn ọ̀pọ̀, àti “-ed” fún “past tense”, àsìkò tó ti kọjá. Nítorí náà, ẹnu wa máa ń gbé wọn mì, àwọn tó ń gbọ́ wa á sì rò pé a kò mọ gírámà, nígbà tó jẹ́ pé ìró ni a kò pè.

Òfin tó wà níbẹ̀ rọrùn fún ẹni tó ti fi ìka lé gògóńgò. Bí ìró tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ bá jẹ́ àìkùnyùn, “-s” yóò dún bí /s/: “cups”, “cats”, “books”. Bí ó bá jẹ́ akùnyùn, títí kan gbogbo fáwẹ́lì, yóò dún bí /z/: “bags”, “pens”, “boys”. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìró tó ń ṣe “ṣì” létí, tí wọ́n ń pè ní “sibilants”, yóò di sílébù tirẹ̀, /ɪz/: “buses”, “churches”, “judges”. Òfin kan náà ló wà fún “-s” tí a ń fi sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, bí “she cooks”, “she reads”, “she washes”. Ti “-ed” kò yàtọ̀: /t/ lẹ́yìn àìkùnyùn, bí “stopped” àti “washed”, /d/ lẹ́yìn akùnyùn, bí “begged” àti “played”, /ɪd/ lẹ́yìn “t” àti “d”, bí “wanted” àti “needed”. Ẹ pe “washed” kí ẹ sì gbọ́ ara yín: bí ẹ bá gbọ́ “wáṣẹ́ẹ̀dì”, ẹ padà sẹ́yìn, nítorí sílébù kan ni ọ̀rọ̀ náà ní.

Sílébù, “syllable”, ni ìwọ̀n tí a lè fi èémí kan ṣoṣo gbé jáde nínú ọ̀rọ̀. Fáwẹ́lì ló sábà máa ń jẹ́ odó rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “nucleus”. Kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú ni “onset”, èyí tó tẹ̀ lé e ni “coda”. Sílébù Yorùbá kì í ní “coda”, a kì í sì í fi ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, tí wọ́n ń pè ní “consonant cluster”, sínú ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí “bread”, tó jẹ́ sílébù kan lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, fi di mẹ́ta nígbà tó di búrẹ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò, kí ó máa pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan: “film” gba àtẹ́wọ́ kan, “asked” gba kan, “strength” pàápàá gba kan.

Ní ti fáwẹ́lì, ẹ ó pàdé “monophthong”, tó jẹ́ fáwẹ́lì tí kò yí padà títí a ó fi pè é tán, àti “diphthong”, tó bẹ̀rẹ̀ níbì kan tó sì parí síbòmíràn, bí èyí tó wà nínú “boy” àti “now”. Méjìlá ni ti àkọ́kọ́, mẹ́jọ ni ti ìkejì. Ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ “ship” sí “sheep”, “full” sí “fool”, kí ẹ sì mọ fáwẹ́lì kan tí wọ́n ń pè ní “schwa”, tí àmì rẹ̀ jẹ́ /ə/, tí a ń gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ “about” àti ní ìparí “teacher”. Òun ni fáwẹ́lì tó wọ́pọ̀ jù nínú Gẹ̀ẹ́sì, a kì í sì í fi agbára pè é rárá.

Orúkọ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀, “parts of speech”, kò le fún ẹni tó ti ṣe gírámà Yorùbá: “noun” ni ọ̀rọ̀-orúkọ, “pronoun” ni arọ́pò-orúkọ, “verb” ni ọ̀rọ̀-ìṣe, “adverb” ni ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, “preposition” ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn, “conjunction” ni ọ̀rọ̀ àsopọ̀. “Subject” ni olùwà, “object” ni àbọ̀, “phrase” ni àpólà, “clause” ni awẹ́ gbólóhùn. Ibi tí ẹ ti ní láti ṣọ́ra ni “adjective”, ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Nínú “Ọmọ náà ga”, ọ̀rọ̀-ìṣe ni “ga”, ó sì dá dúró. Ṣùgbọ́n “tall” kì í ṣe “verb”, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wá “is” kún un kí gbólóhùn tó lè dúró. Ẹ ṣọ́ra bákan náà fún “uncountable noun”, ọ̀rọ̀-orúkọ tí a kò lè kà. “Furniture”, “advice”, “equipment” àti “information” wà lára wọn: a kì í fi “-s” sí wọn, a kì í sì í fi “a” tàbí “an” ṣáájú wọn, bó ti wù kí àga inú yàrá pọ̀ tó.

Ó ku “stress”, agbára tí a fi ń pe sílébù kan ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀rọ̀. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, èyí ni “tone”; Gẹ̀ẹ́sì kò ní in, “stress” ló ní. Síbẹ̀ etí wa ti mọ̀ ọ́n lára tipẹ́tipẹ́. Ẹ wo kọ̀ǹpútà: sílébù kejì ni Gẹ̀ẹ́sì fi agbára pè nínú “computer”, òun náà sì ni a fi ohùn òkè sí. Ẹ wo tíṣà bákan náà. Ìwé atúmọ̀ èdè ń fi àmì kékeré ˈ ṣáájú sílébù alágbára. Ìwé ìdánwò tiwa a máa fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́: PHOtograph, phoTOgrapher, photoGRAPHic. Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí “-tion”, “-ity” tàbí “-ic”, sílébù tó ṣáájú àfòmọ́ náà ló sábà máa ń gba agbára: eduCAtion, elecTRIcity, ecoNOmic. “Arabic” àti “Catholic” kò tẹ̀ lé òfin yìí, sílébù àkọ́kọ́ ni tiwọn.

Gírámà tún wọ ibí yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ “noun” bí agbára bá wà níwájú, kí ó di “verb” bí agbára bá lọ sẹ́yìn: REcord àti reCORD, EXport àti exPORT, CONduct àti conDUCT. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. “Report” àti “respect” kì í yí padà.

Lílọ sókè àti sódò ohùn nínú odindi gbólóhùn ni “intonation”. Ohùn máa ń wálẹ̀ ní ìparí gbólóhùn lásán, ní ìparí àṣẹ, àti ní ìparí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “who”, “what”, “where” àti ẹgbẹ́ wọn. “Falling tune” nìyẹn. Ó sábà máa ń gòkè ní ìparí ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, “rising tune” sì ni.

Èyí tó máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ jù nínú ìdánwò ni “emphatic stress”, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní ohun tó bá a dọ́gba gan-an: gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. “Ni” ni àwa fi ń tẹnu mọ́ ohun tí a fẹ́ kí ènìyàn kíyè sí. Agbára ohùn ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe é láìyí ipò ọ̀rọ̀ padà. Ẹ gbé “Bola bought a red car yesterday” yẹ̀ wò. BOLA bought a red car yesterday: Bọ́lá ni ó ra ọkọ̀ pupa lánàá. Bola bought a RED car yesterday: pupa ni ọkọ̀ tí Bọ́lá rà lánàá. Bola BOUGHT a red car yesterday: rírà ni Bọ́lá ra ọkọ̀ pupa lánàá, kò yá a. Bola bought a red car YESTERDAY: àná ni Bọ́lá ra ọkọ̀ pupa.

Nínú ìdánwò, wọn yóò fún yín ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan yóò wà ní lẹ́tà ńlá, wọn yóò sì ní kí ẹ mú ìbéèrè tí ó ń dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ fi “ni” sọ ọ́ ní Yorùbá lọ́kàn yín. Ohun tó bá jókòó síwájú “ni” ni ohun tí ẹni tó béèrè ti ṣì mú, nítorí náà ìbéèrè tó tọ̀nà ni èyí tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ bá gbólóhùn mu àfi ohun kan yẹn. Bí YESTERDAY bá wà ní lẹ́tà ńlá, “Did Bola buy a red car last week?” ni ìdáhùn, “Did Bola buy a blue car yesterday?” kò lè jẹ́ ẹ, nítorí àwọ̀ ọkọ̀ ni ìyẹn ṣì mú, kì í ṣe ọjọ́.